Ọkọ̀ tó ń gbọ̀n láàárọ̀: ẹ wá ìdí àìsàn kí ẹ tó ra oògùn

Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe rí àkọlé òkè yìí, àwọn kan nínú yín á ti máa bi ara wọn pé kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú ọ̀rọ̀ ọkọ̀, àbí ọ̀rọ̀ ibà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti tán lẹ́nu rẹ̀ ni. Kò tán o. Ọ̀rọ̀ ibà gan-an ló gbé mi dé ìdí ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní àsìkò ọyẹ́ kan ni abilékọ kan ní àdúgbò wa, ní apá Lálúpọn níbí, mú àwọn ọmọ rẹ̀ méjì wá bá mi. Ó ní ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí orí ti ń fọ́ àwọn ọmọ náà láràárọ̀, tí òòyì ń kọ́ wọn, tí èébì sì ń gbé wọn. Ó ti ra oògùn ibà fún wọn lẹ́ẹ̀mejì ní kẹ́míìsì, wọ́n lò ó tán, orí fífọ́ kò lọ. Mo ki tẹmọmítà bọ abíyá wọn, ara wọn kò gbóná. A yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò sí ibà níbẹ̀.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè bí wọ́n ṣe kọ́ wa. Mo ní, "Ìyàwó, ìgbà wo ló máa ń bẹ̀rẹ̀?" Ó ní kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni. "Ìgbà wo ló máa ń lọ?" Ó ní bí wọ́n bá ti dé ilé ìwé tó wákàtí kan tàbí méjì, ara wọn á ti yá. "Lọ́jọ́ Sunday ńkọ́?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan bí, ma? Lọ́jọ́ Sunday, orí kì í fọ́ wọn." Mo ní kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wọn láràárọ̀ tí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ó rò ó títí, ó ní òun ò rí nǹkan kan, àfi pé bàbá wọn kì í gbé ọkọ̀ jáde lọ́jọ́ náà.

Bàbá wọn ń fi Máíkírà ṣiṣẹ́, Lálúpọn sí Iwo Road. Lọ́jọ́ kejì, mo jí dé ilé wọn ní aago márùn-ún ìdájí. Ọkọ̀ náà ti ń dún. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú, ohùn rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, bó bá sì ti fẹ́ kú, bàbá náà á fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó má baà kú. Ó ki mí, ó ní, "Ẹ kú ìdájí, ma. Ẹ máà bínú sí ariwo yìí. Bí mi ò bá jẹ́ kó gbóná dáadáa, á kú mọ́ mi lọ́wọ́ lójú títì." Mo ní tó bí ìṣẹ́jú mélòó. Ó ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nígbà mìíràn ó máa ń tó ọgbọ̀n. Mo wo ibi tó gbé e sí. Nítorí àwọn tó ń jí bátìrì, àárín ògiri ilé àti fẹ́ǹsì ló gbé e sí, ìdí sáléńsà rẹ̀ sì kọjú gan-an sí fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ náà ń sùn sí.

Gáàsì tí ojú kò rí, tí imú kò gbọ́

Ẹ̀yin èèyàn mi, èéfín tó ń jáde nídìí sáléńsà kì í ṣe èéfín lásán. Gáàsì kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò sì ní òórùn. Òórùn epo tí à ń gbọ́ yẹn kọ́ ni gáàsì náà, àwọn nǹkan mìíràn tó ń bá a jáde ló ń rùn. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, ohun kan tó sọ ẹ̀jẹ̀ di pupa ló ń gbé atẹ́gùn tí a mí sínú kiri gbogbo ara. Gáàsì yìí máa ń lẹ̀ mọ́ ohun náà ju bí atẹ́gùn ṣe ń lẹ̀ mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tó ju igba lọ. Ó dà bí èrò tó wọ Máíkírà tó jókòó pa, tó kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀. Atẹ́gùn tó yẹ kó wọlé kò ní rí ìjókòó mọ́. Ọpọlọ àti ọkàn ni ebi atẹ́gùn yìí máa ń kọ́kọ́ pa. Ìdí nìyẹn tí orí fi máa ń fọ́, tí òòyì fi máa ń kọ́ ènìyàn, tí èébì fi máa ń gbé e, tí ara rẹ̀ fi máa ń rọ bí ẹ̀kọ. Bí gáàsì náà bá pọ̀, onítọ̀hún á sùn lọ, kò sì ní jí mọ́.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù ló máa ń tú gáàsì yìí jáde jù lọ, nítorí epo máa ń pọ̀ ju atẹ́gùn lọ nínú rẹ̀ nígbà náà, epo náà kò sì ní jó tán. Nǹkan kan wà lójú ọ̀nà sáléńsà tí wọ́n ń pè ní kátálísìtì, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pa oró gáàsì náà kó tó jáde, ṣùgbọ́n kì í lè ṣiṣẹ́ àfi bó bá gbóná. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí à ń gùn sì rèé, wọ́n ti yọ tiwọn tà tipẹ́.

Mi ò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi wọn gáàsì inú yàrá náà, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí bàbá náà ti ń ti ọkọ̀ rẹ̀ jáde sí ìta gbangba kó tó ṣí i, orí ò fọ́ àwọn ọmọ náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló tán.

Nítorí náà, òfin kìíní rèé: ẹ má ṣe jẹ́ kí ọkọ̀ máa dún nínú gáréèjì, lábẹ́ fèrèsé, tàbí láàárín ògiri méjì. Pé ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì sílẹ̀ kò tó. Ẹ gbé e jáde.

Ṣùgbọ́n àìsàn ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀

Gbígbé ọkọ̀ jáde ti gba àwọn ọmọ là, kò wo ọkọ̀ sàn. Bàbá náà sọ fún mi pé òun ti ra bátìrì tuntun, òun ti ra pílọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n tún ti pààrọ̀ páǹpù epo fún òun, ọkọ̀ náà ṣì ń gbọ̀n síbẹ̀. Mo bi í pé ta ló ní kó rà wọ́n. Ó ní bí mẹkáníìkì bá ti gbọ́ ohùn ọkọ̀ báyìí, á ní páǹpù ni. Òmíràn á ní pílọ́ọ̀gì ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ohun tí ìyàwó rẹ̀ ṣe fún àwọn ọmọ náà ni, ó ń ra oògùn ibà fún àìsàn tí kì í ṣe ibà.

Ọ̀rọ̀ owó nìkan kọ́ ni mo sì rò. Ní àwọn abúlé wa yìí, láti Ìròkò dé Akànràn, láti Ejíòkú dé Erúnmu, bí aboyún bá ń rọbí lóru, Máíkírà aládùúgbò ni áńbúláǹsì rẹ̀. Mo ti rí alẹ́ tí à ń retí ọkọ̀ tó ń gbé aláboyún bọ̀, tó sì jẹ́ pé ọkọ̀ náà kọ̀ láti jí. Ọkọ̀ tí kò jí lóru kì í ṣe ọ̀rọ̀ awakọ̀ nìkan.

Mo mú bàbá náà lọ bá àgbà mẹkáníìkì kan tí mo mọ̀. Bàgbà náà kò gbé sípánà rárá. Ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi í ní ìbéèrè, bí mo ṣe bi ìyàwó rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí mo kọ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, àti èyí tí mo ti ń bi àwọn onímọ̀ láti ìgbà náà, ni mo fẹ́ pín fún yín.

Kí ló dé tó jẹ́ òwúrọ̀ ló ń gbọ̀n?

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré ló ní sílíńdà mẹ́rin. Ẹ wò wọ́n bí àgbẹ̀ mẹ́rin tó ń ṣe àáró lóko kan, tí wọ́n ń kọ ebè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀kan bá dúró tàbí tó ń ṣe ọ̀lẹ, ìlà náà á wọ́, iṣẹ́ á máa lọ ségesège. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní mísì nìyẹn. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan nílò nǹkan mẹ́rin: atẹ́gùn tó mọ́ níwọ̀n, epo níwọ̀n, iná pílọ́ọ̀gì lásìkò tó yẹ, àti agbára láti fún atẹ́gùn àti epo náà pọ̀ kó tó jó.

Lówùúrọ̀, irin ẹ́ńjìnnì tutù. Epo kì í tètè di oruku lórí irin tútù, díẹ̀ nínú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irin. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ki, bátìrì pàápàá kì í lágbára tó bí òtútù bá mú. Nítorí náà, kọ̀ǹpútà ọkọ̀, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní brain box, máa ń fi epo kún un, á sì gbé sílóò rẹ̀ sókè. Bí ohùn ọkọ̀ yín bá ga díẹ̀ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣí i, tó wá ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná, ìyẹn kì í ṣe àìsàn o. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ṣe. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tó ń lo kábúrétọ̀, bíi Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa ń fa ṣóòkù kó lè rí bẹ́ẹ̀.

Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tutù? Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan wà nínú omi ẹ́ńjìnnì tó ń sọ fún un. Tẹmọmítà ọkọ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò, bí tẹmọmítà mi bá ń purọ́, ṣé oògùn tó tọ́ ni mo máa fún yín? Bí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá ń sọ pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná nígbà tí kò tíì gbóná, epo kò ní tó, ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Bó bá ń sọ pé ó tutù nígbà tó ti gbóná, epo á pọ̀ jù, èéfín á dúdú, owó yín á sì máa bá èéfín lọ.

Ìbéèrè márùn-ún tí ẹ máa bi ọkọ̀ yín

Ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ ìdáhùn sí i fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó lọ bá mẹkáníìkì.

Èkíní: ṣé òwúrọ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, àbí gbogbo ìgbà? Bó bá jẹ́ pé bó ṣe ń gbóná ló ń fara balẹ̀, ẹ fura sí rọ́bà tó sán tó ń fa atẹ́gùn wọlé láìtọ́, ẹnu tírọ́tù tó dọ̀tí, sẹ́ńsọ̀ omi, tàbí nọ́sùlù tó ń jò. Bó bá ń gbọ̀n láàárọ̀, tó ń gbọ̀n lọ́sàn-án, ẹ wo pílọ́ọ̀gì, kọ́ìlì àti agbára sílíńdà.

Èkejì: ṣé ó tètè ń jí? Ẹ ṣe èyí wò, kò gba kọ́bọ̀. Lówùúrọ̀, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù ti tàn, ẹ má tíì ṣí i. Ẹ dúró ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, kí páǹpù epo dún, kí ẹ yí i padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó wá ṣí i. Bó bá jí wẹ́rẹ́ lọ́nà yìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé epo inú páìpù ń sá padà lóru. Ọ̀dọ̀ páǹpù tàbí nọ́sùlù tó ń jò ni kí mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá mú ìyàtọ̀ kankan wá, ẹ má tíì sáré ra páǹpù.

Ẹ̀kẹta: ibo ni ẹ ti ra epo gbẹ̀yìn, ìgbà wo sì ni gbígbọ̀n náà bẹ̀rẹ̀? Màá padà sórí èyí.

Ẹ̀kẹrin: ṣé ó máa ń burú sí i bí òjò bá rọ̀ tàbí bí ìrì bá sẹ̀? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, wáyà pílọ́ọ̀gì tàbí kọ́ìlì tó ti sán ló ṣeé ṣe kó jẹ́, omi ń jẹ́ kí iná sá gba ibòmíràn.

Ẹ̀karùn-ún: kí ni wọ́n ṣe sí ọkọ̀ náà gbẹ̀yìn kó tó bẹ̀rẹ̀? Bóyá wọ́n tú bátìrì, bóyá wọ́n fọ tírọ́tù. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ mìíràn máa ń gbàgbé ìwọ̀n sílóò rẹ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti kọ́ ọ padà.

Ẹ wo àwọ̀ èéfín

A máa ń wo ìtọ̀ aláìsàn, èéfín ni ìtọ̀ ọkọ̀. Bí ẹ bá rí èéfín funfun fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà ọyẹ́ tó pòórá láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, tí omi díẹ̀ sì ń kán nídìí sáléńsà, omi lásán ni. Bí funfun náà bá nípọn, tí kò tán, tí omi rédétọ̀ sì ń dín kù láìsí ibi tó ń jò sí, ẹ lọ yẹ gáskẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì wò kíá. Èéfín dúdú túmọ̀ sí pé epo pọ̀ jù. Èyí tó ní àwọ̀ búlúù, ọ́ìlì ló ń jó nínú rẹ̀.

Bí wọ́n bá yọ pílọ́ọ̀gì, ẹ ní kí wọ́n tò wọ́n bí wọ́n ṣe yọ wọ́n, kí ẹ mọ ti sílíńdà wo ni ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹnu rẹ̀ rí bí eérú tàbí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ díẹ̀, ara rẹ̀ dá. Èyí tó ní èédú dúdú gbígbẹ ti rí epo jù. Èyí tí epo bẹntiróòlù bò kò rí iná. Èyí tí ọ́ìlì bò ń sọ pé ọ́ìlì ń wọlé síbi tí kò yẹ.

Ibi tó rọrùn ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ná yín lówó. Ẹ wo orí bátìrì, bóyá ìpẹtà funfun ti bò ó. Ẹ yọ asẹ́ tó ń sẹ́ atẹ́gùn. Ní ọ̀nà abúlé wa tó jẹ́ eruku pupa, bí àwọn ọ̀nà oko ìhà Àkìnyẹlé, asẹ́ yìí máa ń tètè dí ju ti ará ìgboro lọ. Lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ti kú, ẹ fi ọwọ́ tẹ gbogbo rọ́bà kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tírọ́tù. Rọ́bà tó ti gan bí igi máa ń sán. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń dún tí ẹ sì ń gbọ́ "ṣíì" bí ìgbà tí táyà ń jò, atẹ́gùn ń gbà ibẹ̀ wọlé.

Lẹ́yìn èyí ni kí mẹkáníìkì fọ ẹnu tírọ́tù àti fáàfù sílóò, nítorí èédú máa ń dí ibẹ̀. Bí iná ẹ́ńjìnnì bá wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní sìkánà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé àyẹ̀wò ni sìkánà ń ṣe, kì í ṣe wòlíì. Bó bá sọ pé sílíńdà kejì ń mísì, kò tíì sọ bóyá pílọ́ọ̀gì ni, kọ́ìlì ni, tàbí nọ́sùlù. Mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè gbé kọ́ìlì sílíńdà kejì sí ẹ̀kẹta, kó wò ó bóyá àìsàn náà bá a lọ. Bó bá bá a lọ, kọ́ìlì ni. Bí kò bá bá a lọ, ẹ dá owó kọ́ìlì dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán fa wáyà pílọ́ọ̀gì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń dún. Iná inú rẹ̀ lè ju 10,000 fóòtì lọ. Ẹ má sì ṣí ìdérí rédétọ̀ gbígbóná. Mo ti di ojú egbò ọ̀pọ̀ ènìyàn tí omi rédétọ̀ bó lójú.

Ohun tó ṣe Máíkírà náà

Nǹkan méjì ni bàgbà náà rí. Èkíní, rọ́bà kan lẹ́yìn tírọ́tù ti sán. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ojú ibẹ̀ á là, bó bá gbóná, rọ́bà náà á wú, ojú ibẹ̀ á pa dé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ bá gbóná, àìsàn náà á lọ.

Èkejì, mẹkáníìkì kan ti yọ tẹmọsítáàtì rẹ̀ dànù nígbà kan rí, ó ní ní ilẹ̀ olóoru bíi tiwa, kò wúlò. Ó wúlò o. Òun ló ń dá omi dúró kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná. Bí wọ́n bá yọ ọ́, ẹ́ńjìnnì á pẹ́ kó tó gbóná, kọ̀ǹpútà á máa rò pé òwúrọ̀ ni, á sì máa da epo sí i. Bí ọkọ̀ bá ń gbóná jù, ẹ wá ìdí rẹ̀, ẹ má yọ tẹmọsítáàtì.

Bàbá náà ra méjèèjì ní Ararọmí, ní Gate. Ó ní owó wọn kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tó ti ná lórí bátìrì, pílọ́ọ̀gì àti páǹpù. Ní ìdájí ọjọ́ kejì, ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan, ó sì fara balẹ̀. Kò nílò ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n mọ́. Ọkọ̀ tó ń lo nọ́sùlù kò nílò ju nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú kan lọ, kí ẹ wá máa wà á lọ jẹ́jẹ́ títí á fi gbóná.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ epo. Ẹ́ńjìnnì kékeré tó dúró sójú kan lè mu nǹkan bí ìdajì lítà sí lítà kan ní wákàtí kan. Ìṣẹ́jú 25 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 26 lóṣù, ó lé díẹ̀ ní wákàtí mẹ́wàá. Nǹkan bíi lítà márùn-ún sí mọ́kànlá nìyẹn lóṣù, tí ọkọ̀ kò sì kúrò lójú kan. Láti ìgbà tí wọ́n ti kéde yíyọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí owó lítà kan sì fò láti ohun tí kò tó ₦200 sí ohun tó ju ₦480 lọ láàárín ọjọ́ mélòó kan, kò sí ẹni tó lè máa fi epo ṣòfò bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ epo tó ní omi, àti epo inú ìgò

Nígbà mìíràn, ọkọ̀ kò ṣàìsàn, oúnjẹ rẹ̀ ló bàjẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2022, epo tí methanol pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà láti òkè òkun, àjọ NMDPRA fúnra wọn kéde rẹ̀ ní oṣù kejì ọdún náà, wọ́n sì ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, bó bá sì pọ̀ jù, ó máa ń jẹ rọ́bà àti irin. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́sẹ̀ náà, tí wọ́n ń tú ẹ́ńjìnnì lásán. Bí ọkọ̀ yín bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ní ọjọ́ tí ẹ ra epo, pàápàá epo inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, epo ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mẹkáníìkì lè gba díẹ̀ sínú ohun tó mọ́ gaara ní ìta gbangba, kó jẹ́ kó tòrò. Omi lásán á lọ sí ìsàlẹ̀, epo á léfòó. Kò gbọdọ̀ sí sìgá, àtùpà tàbí ìṣáná nítòsí.

Ibí yìí ni mo fẹ́ bẹ̀ yín gẹ́gẹ́ bíi nọ́ọ̀sì. Ẹ má ṣe fi ẹnu fa epo. Bó bá gba ọ̀nà òdì wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìwọ̀nba díẹ̀ lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Ẹ má sì ṣe gbé epo sínú ìgò omi tàbí ìgò mínírà, ọmọ kékeré kò mọ ìyàtọ̀. Bí ọmọ bá ti mu ún, ẹ má fi ọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun kó lè bì, ẹ má fún un ní epo pupa, ẹ má fún un ní wàrà. Èébì ló máa ń gbé epo náà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ tí epo ti kán sí, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ara rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kódà bó bá ń ṣeré. Bó bá ń wúkọ́ tàbí tó ń mí gúlegúle, ewu ti wà níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe lè mọ̀ pé gáàsì ọkọ̀ ló wà nídìí àìsàn

Ẹ fura bó bá jẹ́ pé orí ń fọ́ ju ẹnì kan lọ nínú ilé lẹ́ẹ̀kan náà, tí ara wọn kò gbóná, tí ara wọn sì ń yá bí wọ́n bá jáde kúrò nílé. Ó yẹ kí ẹ ṣọ́ra jù fún aboyún, nítorí gáàsì náà máa ń ṣe ọmọ inú ju ìyá lọ, àti fún ọmọdé, àgbàlagbà àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn. Gáàsì yìí náà ló wà nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ àti ti èédú.

Bí ẹ bá bá ẹnì kan níbi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ gbé e jáde síta kíákíá, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ má ṣe pẹ́ nínú yàrá náà kí ẹ̀yin náà má baà ṣubú. Epo pupa kò lè pa oró gáàsì yìí, wàrà kò lè pa á. Ọ́síjìn ni oògùn rẹ̀, nítorí náà, ilé ìwòsàn ńlá bíi Adéọ̀yọ́ tàbí UCH ló yẹ kí ẹ gbé e lọ. Ẹ sọ fún wọn pé èéfín ọkọ̀ ló fà á símú, nítorí ẹ̀rọ kékeré tí a máa ń fi há ìka kò mọ ìyàtọ̀ láàárín gáàsì yìí àti atẹ́gùn, ó lè sọ pé kò sí wàhálà nígbà tí wàhálà wà.

Ìyàwó bàbá onímáíkírà sọ fún mi níjọ́ kan pé òun ti wá mọ̀ báyìí pé kí òun tó ra oògùn, òun á kọ́kọ́ béèrè ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń lọ. Ọkọ rẹ̀ náà ní bẹ́ẹ̀ lòun ń ṣe sí ọkọ̀ òun. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí ẹ tó ṣí ọkọ̀ lọ́la, ẹ wo ibi tí ìdí sáléńsà yín kọjú sí.